Ogún Ẹni tí kò Kọ Ìwé Ìhágún: Àṣà, Òfin àti Ohun tí a ń Kọ́ Akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìlá-Ọ̀ràngún

1. Ìfáàrà

Ogún jíjẹ jẹ́ ọ̀kan lára àwọn àṣà Yorùbá tí a ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì. Gbogbo wa ni a mọ bí a ti ń kọ́ ọ. A ó sọ ohun tí ogún jẹ́, a ó ka àwọn tí ó lè jogún, lẹ́yìn náà a ó mẹ́nu ba ìdí-igi àti orí-ò-jorí. Bí ìdánwò bá dé, akẹ́kọ̀ọ́ yóò dá a padà fún wa gẹ́gẹ́ bí a ti fún un, àwa náà yóò sì fún un ní máàkì.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ ní kíláàsì wa ní Ìlá-Ọ̀ràngún tí ó mú kí a tún ọ̀rọ̀ yìí rò. Akẹ́kọ̀ọ́-bìnrin kan kọ ọ́ sínú ìwé-ìdáhùn rẹ̀ pé ní ilẹ̀ Yorùbá, ọmọbìnrin kì í jogún bàbá rẹ̀. A fún un ní máàkì, nítorí pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó wà nínú àkọsílẹ̀ tí àwa fúnra wa kọ sójú pátákó fún wọn. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ni a gbọ́ pé bàbá ọmọ náà ti kú ṣáájú ìdánwò yìí, pé wọ́n ti pín oko kòkó rẹ̀, àti pé àwọn ọmọkùnrin nìkan ni wọ́n pín in fún. A bi í léèrè pé kí ló dé tí kò fi sọ̀rọ̀ níbi ìpàdé ẹbí. Ó ní, 'Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa bẹ́ẹ̀.'

Láti ọjọ́ náà ni a ti ń wádìí ohun tí àṣà wí àti ohun tí òfin wí nípa ogún ẹni tí ó kú láìkọ ìwé ìhágún. Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni láti fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ni ogún ń tọ̀ ní àṣà Yorùbá, kì í ṣe ọkùnrin. A ó fi hàn pẹ̀lú pé gbólóhùn méjì tí ó wọ́pọ̀ jù lọ nínú ìwé-ìdáhùn, èyíinì ni 'ọmọbìnrin kì í jogún' àti 'aya kì í jogún ọkọ', kò rí bákan náà: èkínní kì í ṣe òtítọ́, èkejì sì jẹ́ ààbọ̀ ọ̀rọ̀. A ó lo Ìlá-Ọ̀ràngún àti ilẹ̀ Ìgbómìnà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun gẹ́gẹ́ bí àwòkọ́ṣe, ṣùgbọ́n a ó yà sí Èkó nígbà tí ó bá yẹ, nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn ẹjọ́ tí ó la ọ̀rọ̀ náà yé wa ti wáyé.

2. Kí ni ogún?

Ogún ni ohun-ìní tí olóògbé fi sílẹ̀ fún àwọn tí ó yè lẹ́yìn rẹ̀. Ó yẹ kí a pín in sí ọ̀nà mẹ́ta, nítorí pé àìpín in báyìí ni ó ń da akẹ́kọ̀ọ́ rú.

(a) Ohun tí olóògbé fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó jọ: owó, aṣọ, ẹran ọ̀sìn, ọkọ̀, ilé tí òun fúnra rẹ̀ kọ́, ilẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ rà, kòkó tàbí obì tí òun fúnra rẹ̀ gbìn.

(b) Ohun tí ó jẹ́ ti ẹbí, tí olóògbé kàn ń lò nígbà ayé rẹ̀: ilẹ̀ àjogúnbá àti yàrá nínú agbo ilé. Olóògbé kò ní irú èyí ní òun nìkan, nítorí náà ikú rẹ̀ kò sọ ọ́ di ohun tí àwọn ọmọ rẹ̀ nìkan lè pín tàbí kí wọ́n tà. Ọwọ́ ẹbí ni ó ń padà sí, àwọn ọmọ rẹ̀ yóò sì máa lò ó gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹbí.

(d) Oyè. A kì í pín oyè. Ìdílé tí ó kàn ni í fa ọmọ oyè kalẹ̀, àwọn afọbajẹ a sì yàn. Ìtàn àtẹnudẹ́nu Ìlá fi yé wa pé ìjà oyè ni ó tú Ìlá-Yàrà ká, tí àwọn kan fi tẹ Ìlá-Ọ̀ràngún dó, tí àwọn yòókù sì lọ sí Òkè-Ìlá. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ ogún, kí a rántí pé ó lè tú ìlú ká, áḿbọ̀sìbọ́sí agbo ilé.

Ọ̀nà kìíní ni ìpín ogún kàn gan-an. Nígbà tí a bá sì ti pín ogún, kí á má gbàgbé gbèsè. Àwọn tí ó jẹ ogún olóògbé ni í san gbèsè rẹ̀, nínú ohun tí ó fi sílẹ̀, kí wọ́n tó pín ìyókù.

3. Ogún Ọ̀kànbí àti ìpín tí ó kan Ìlá

Ìtàn ogún tí ó lókìkí jù lọ ní ilẹ̀ Yorùbá kan Ìlá gbọ̀ngbọ̀n. Ó wà nínú ìwé ìtàn Samuel Johnson, èyí tí ó parí ní 1897 ṣùgbọ́n tí a kò tẹ̀ jáde títí di 1921, nígbà tí Johnson fúnra rẹ̀ ti kú. Gẹ́gẹ́ bí Johnson ti sọ ọ́, ọmọ méje ni Ọ̀kànbí, ọmọ Odùduwà, bí. Obìnrin ni àkọ́bí, òun sì ni ìyá Olówu. Obìnrin ni ìkejì, òun ni ìyá Alákétu. Ẹ̀kẹta jọba ní Bìní, ẹ̀kẹrin ni Ọ̀ràngún Ìlá, ẹ̀karùn-ún ni Oníṣàbẹ, ẹ̀kẹfà ni Olúpópó, Ọ̀rányàn sì ni àbíkẹ́yìn.

Ọ̀rányàn kò sí nílé nígbà tí bàbá wọ́n kú. Àwọn yòókù pín ogún: owó kan ọba Bìní, màlúù kan Oníṣàbẹ, ìlẹ̀kẹ̀ kan Olúpópó, aṣọ kan Olówu, adé kan Alákétu. Àwọn aya olóògbé ni ó kan Ọ̀ràngún Ìlá. Nígbà tí Ọ̀rányàn dé, ilẹ̀ nìkan ni ó kù fún un, ó sì fi ilẹ̀ náà di olówó-orí lọ́wọ́ gbogbo àwọn tí ó kù, nítorí pé orí ilẹ̀ ni wọ́n gbé ohun-ìní wọn lé.

A mọ̀ pé ìtàn yìí gbè sẹ́yìn Ọ̀yọ́, a kò sì gbà á gẹ́gẹ́ bí ìtàn Ìlá láti ẹnu àwọn ará Ìlá. Ṣùgbọ́n bí a bá wò ó gẹ́gẹ́ bí ohun tí ó fi àṣà ogún hàn wá, ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí á fà yọ fún akẹ́kọ̀ọ́.

Èkínní, àwọn ọmọ ni ó jogún. Kò sí ìwé ìhágún, kò sì sí àṣẹ tí olóògbé fi sílẹ̀.

Èkejì, ìdí àwọn ọmọbìnrin méjì ni ìpín Olówu àti ti Alákétu ti wá. Ọ̀dọ̀ ìyá wọn ni wọ́n ti ní ẹ̀tọ́ sí ogún Ọ̀kànbí. Adé, tí ó níyì jù nínú gbogbo ẹrù náà, ìdí obìnrin ni ó bọ́ sí. Ẹni tí ó bá ń fi ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀ Yorùbá kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní kíláàsì kan, tí ó sì ń kọ́ ọ pé ọmọbìnrin kì í jogún ní kíláàsì kejì, ń fi ọwọ́ òsì nu ohun tí ọwọ́ ọ̀tún kọ.

Ẹ̀kẹta, a ka àwọn aya mọ́ ẹrù. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti le, a ó sì padà sí i ní ìsọ̀rí kẹfà.

4. Ìdí-igi àti orí-ò-jorí

Ọ̀nà méjì yìí ni akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ jù, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn kò lè sọ èyí tí ó jẹ́ àṣà gan-an àti èyí tí ó jẹ́ ọ̀nà àbáyọ.

Ní ìdí-igi, iye àwọn aya tí ó bímọ fún olóògbé ni a ó fi pín ogún. Igi tí à ń sọ níhìn-ín ni ìyá. Ìdí rẹ̀ ni àwọn ọmọ rẹ̀ pé jọ sí. Aya tí kò bímọ kò ní ìdí tí a lè kà. Ní orí-ò-jorí, iye ọmọ ni a ó fi pín in, nítorí pé orí ọmọ kan kò ju orí ọmọ kejì lọ.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ gbé e. Ká ní ọkùnrin kan kú, ó fi ₦2,400,000 sílẹ̀ lẹ́yìn tí a ti san gbèsè rẹ̀. Aya mẹ́ta ni ó ní. Ìyáálé bí ọmọ kan, ìyàwó kejì bí méjì, ìyàwó kẹta bí márùn-ún. Gbogbo ọmọ jẹ́ mẹ́jọ.

Bí a bá fi ìdí-igi pín in, ìdí kọ̀ọ̀kan yóò gba ₦800,000. Ọmọ kan ṣoṣo tí ìyáálé bí yóò gba ₦800,000. Àwọn ọmọ ìyàwó kejì yóò gba ₦400,000 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ ìyàwó kẹta yóò gba ₦160,000 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan.

Bí a bá fi orí-ò-jorí pín in, ọmọ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ yóò gba ₦300,000 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan.

Láti inú àpẹẹrẹ yìí, akẹ́kọ̀ọ́ yóò rí i pé kò sí ìyàtọ̀ láàárín ọ̀nà méjèèjì nígbà tí olóògbé bá ní aya kan ṣoṣo. Yóò sì rí ìdí tí ìjà fi máa ń ṣẹlẹ̀: ọmọ kan ṣoṣo a máa fẹ́ ìdí-igi, àwọn tí wọ́n pọ̀ nídìí ìyá wọn a máa fẹ́ orí-ò-jorí. Kò sí èyí tí ó jẹ́ olójúkòkòrò nínú wọn. Ẹni tí ó ń sọ pé ìyá kọ̀ọ̀kan dọ́gba ń sọ òótọ́. Ẹni tí ó ń sọ pé ọmọ kọ̀ọ̀kan dọ́gba ń sọ òótọ́ pẹ̀lú.

Irú ìjà yìí gan-an ni ó dé ilé-ẹjọ́ ní Èkó nínú ẹjọ́ tí a mọ̀ sí Dawodu àti Danmole. Suberu Dawodu kú láìkọ ìwé ìhágún, ó sì fi aya mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Adájọ́ Jibowu, tí ó kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ náà, rí i pé ìdí-igi kò bá ẹ̀tọ́ mu ní ayé òde òní, nítorí pé kò mú àwọn ọmọ dọ́gba. Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Àpapọ̀ yí ìdájọ́ náà padà ní 1958. Ní 1962, Ìgbìmọ̀ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ó ṣì jẹ́ ibi tí ẹjọ́ Nàìjíríà ń parí sí nígbà náà, fi ọwọ́ sí ohun tí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ṣe.

Ìdájọ́ 1962 yìí fi ìdí kókó mẹ́ta múlẹ̀, ó sì yẹ kí olùkọ́ Yorùbá mọ̀ wọ́n. Kìíní, ìdí-igi ni ọ̀nà ìpín tí ó jẹ́ ti gbogbo Yorùbá. Èkejì, orí-ò-jorí jẹ́ ọ̀nà tí kò tíì pẹ́ tó o, tí a ń lò kí ẹjọ́ má baà wà. Ẹ̀kẹta, bí àríyànjiyàn bá ṣẹlẹ̀ lórí bí a ó ti pín in, olórí ẹbí ni ó ní àṣẹ láti sọ pé orí-ò-jorí ni a ó lò, ohun tí ó bá sì sọ ni abẹ gé.

Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ ọ́ pé 'ọ̀nà méjì ni Yorùbá ń gbà pín ogún' kò tíì sọ̀rọ̀ tán. Ó kù kí ó sọ èyí tí ó jẹ́ ìpìlẹ̀, èyí tí ó jẹ́ àtúnṣe, àti ẹni tí ó lè ṣe àtúnṣe náà. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Iṣẹ́ àgbà ni àṣà gbé lé olórí ẹbí lọ́wọ́ níhìn-ín. Kì í ṣe pé kí ó kó ogún sí àpò ara rẹ̀, bí kò ṣe pé kí ó wo ojú àwọn ọmọ kí ó sì yan ọ̀nà tí àlàáfíà wà.

5. Ṣé ọmọbìnrin kì í jogún?

Ọmọbìnrin ń jogún. Ẹ wo ìdí-igi àti orí-ò-jorí lẹ́ẹ̀kejì. Kò sí ọ̀kankan nínú méjèèjì tí ó béèrè pé ọkùnrin tàbí obìnrin ni ọmọ. Ìyá ni ọ̀kan ń kà, orí ni èkejì ń kà. Bí ọmọ kan ṣoṣo tí ìyáálé bí nínú àpẹẹrẹ wa bá jẹ́ obìnrin, tirẹ̀ ni ₦800,000 náà.

Àwọn ilé-ẹjọ́ ti sọ èyí tipẹ́tipẹ́. Nínú ẹjọ́ Lewis àti Bankole, tí ó wáyé ní Èkó ní 1908 lórí ilé ẹbí tí Mabinuori fi sílẹ̀ nígbà tí ó kú ní 1874, ilé-ẹjọ́ gbà pé ọmọ tí ó dàgbà jù lára àwọn ọmọ tí ó kù láyé lè jẹ́ olórí ẹbí, ì báà ṣe ọkùnrin, ì báà ṣe obìnrin. Nínú ẹjọ́ Lopez àti Lopez ní 1924, ilé-ẹjọ́ gbà pé ẹ̀tọ́ àwọn ọmọbìnrin nínú ohun-ìní ẹbí dọ́gba pẹ̀lú ti àwọn ọmọkùnrin lábẹ́ àṣà Yorùbá. Kì í ṣe ohun tí òyìnbó mú wá ni àwọn adájọ́ wọ̀nyí ń sọ. Àwọn àgbà tí ó mọ àṣà ni wọ́n pè wá jẹ́rìí níwájú wọn.

Níbo wá ni gbólóhùn 'ọmọbìnrin kì í jogún' ti wọlé? A rí orísun méjì. Èkínní ni lílò oko. Ọmọbìnrin a máa relé ọkọ, ó sì lè jẹ́ ìlú mìíràn ni ilé ọkọ náà wà. Àwọn arákùnrin rẹ̀ ni í wà nídìí oko bàbá wọn, tí wọn yóò máa ro ó, tí wọn yóò máa ká kòkó ibẹ̀. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ẹni tí ó ń lo oko yóò máa pe ara rẹ̀ ní ẹni tí ó ni ín. Ṣùgbọ́n àìlo ẹ̀tọ́ yàtọ̀ sí àìní ẹ̀tọ́. Ní Ìlá gẹ́gẹ́ bí ní ibòmíràn, ọmọ-osú tí ó bá padà wá láti ilé ọkọ ni a ń fún ní yàrá nínú agbo ilé bàbá rẹ̀, kò sì sí ẹni tí í bi í pé kí ló wá ṣe. Bí kò bá ní ẹ̀tọ́, ta ni yóò ṣí ilẹ̀kùn fún un?

Orísun kejì ni pé a ń da àṣà Yorùbá pọ̀ mọ́ ti àwọn mìíràn. Àṣà wà ní ilẹ̀ Igbo tí kò jẹ́ kí ọmọbìnrin jogún ilẹ̀ àti ilé bàbá rẹ̀. Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Nàìjíríà fagi lé e nínú ẹjọ́ Ukeje àti Ukeje ní 2014, nítorí pé ó ta ko abala 42 nínú Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè ti 1999. Nígbà tí ìròyìn ìdájọ́ náà kàn wá, a gbọ́ ti àwọn olùkọ́ Yorùbá kan tí wọ́n ní ilé-ẹjọ́ ti 'yí àṣà wa padà'. Kò yí tiwa padà. Àṣà wa ti gba ọmọbìnrin láàyè láti ọjọ́ pípẹ́.

Abala 42 yìí kan náà ni ó sọ pé a kò gbọdọ̀ fi ọ̀nà tí a gbà bí ọmọ dù ú ní ẹ̀tọ́. Èyí pẹ̀lú bá àṣà wa mu. Ọmọ tí bàbá bá ti gbà nígbà ayé rẹ̀ pé òun ni òun bí i, ọmọ rẹ̀ ni, yálà ó gbé ìyá rẹ̀ níyàwó tàbí kò gbé e.

6. Ọ̀rọ̀ opó

Gbólóhùn kejì ni 'aya kì í jogún ọkọ'. Ní ti àṣà, òtítọ́ ni. Ẹ̀jẹ̀ ni ogún ń tọ̀, aya kì í sì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ọkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí a kì í kọ sójú pátákó ni pé òfin yìí ní ẹ̀gbẹ́ kejì: nínú àṣà, ọkọ náà kì í jogún aya. Bí obìnrin tí ó ní ṣọ́ọ̀bù ní ọjà bá kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ni wọ́n ni ọjà inú rẹ̀. Bí kò bá bímọ, àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ni yóò wá kó o. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ apá kan ìlànà yìí láìkọ apá kejì ti sọ ìlànà ẹ̀jẹ̀ di ìlànà ìrẹ́jẹ.

Lóòótọ́, ìrẹ́jẹ ti wọ inú rẹ̀. Láyé àtijọ́, ẹni tí kì í jogún ni àwọn mìíràn ń jogún. Àbúrò olóògbé a máa ṣú opó rẹ̀. Àwọn tí wọ́n dá àṣà opó ṣíṣú sílẹ̀ rò pé àwọn ń pèsè olùtọ́jú fún obìnrin àti àwọn ọmọ rẹ̀ nínú ilé tí ó ti mọ́ ọn lára. Ó sì ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀. Ṣùgbọ́n bí ìtàn Ọ̀kànbí ti fi hàn, ó rọrùn láti ka obìnrin mọ́ aṣọ àti màlúù. Nínú ẹjọ́ Suberu àti Sunmonu ní 1957, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Àpapọ̀ sọ ọ́ gbangba pé aya kò lè jogún ọkọ nítorí pé òun fúnra rẹ̀ dà bí ẹrù tí ẹbí ọkọ yóò jogún. Ìdí tí a sọ yìí kò dùn ún gbọ́, kò sì yẹ kí olùkọ́ tún un sọ bí ẹni pé ìyìn ni.

Kí wá ni ẹ̀tọ́ opó ní àṣà? Ó ní ẹ̀tọ́ láti máa gbé inú ilé ọkọ rẹ̀, kí wọ́n máa tọ́jú rẹ̀ níbẹ̀. Ohun tí òun fúnra rẹ̀ kó jọ kì í ṣe ara ogún, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án: owó òwò rẹ̀, aṣọ rẹ̀, ilẹ̀ tí ó fi owó ara rẹ̀ rà. Àwọn ọmọ rẹ̀ ni igi tí yóò máa jẹun lábẹ́ rẹ̀. Lékè gbogbo rẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni a fi ń pín ogún náà. Bí kò bá sí i, kò sí ìdí-igi. Ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó nínú àṣà ni pé ẹni tí a fi orúkọ rẹ̀ pín ẹrù kì í mú nínú ẹrù. Opó tí kò sì bímọ kò ní igi kankan tí yóò fara tì.

7. Òfin mẹ́ta lábẹ́ òrùlé kan

Gbogbo ohun tí a ti sọ bọ̀ jẹ́ ti ẹni tí àṣà ìbílẹ̀ kàn nìkan. Ṣùgbọ́n ní Ìlá, a lè rí ẹni tí ó ṣe ìgbéyàwó ìbílẹ̀, ẹni tí ó so yìgì ní mọ́sáláṣí, àti ẹni tí ó gba ìwé-ẹ̀rí ìgbéyàwó lábẹ́ òfin ìjọba, nínú agbo ilé kan náà. Bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá kú láìkọ ìwé ìhágún, ogún wọn kò ní í rìn bákan náà.

Ẹni tí ó bá gbéyàwó lábẹ́ òfin ìjọba ni Òfin Ìṣàkóso Ohun-ìní Olóògbé kàn, èyí tí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fi sínú ìwé òfin rẹ̀ ní 1959, tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sì bá nílẹ̀ nígbà tí a dá a sílẹ̀ ní 1991. Lábẹ́ òfin yìí, bí olóògbé bá fi aya tàbí ọkọ àti ọmọ sílẹ̀, ẹnì kejì rẹ̀ nínú ìgbéyàwó ni yóò gba ẹrù inú ilé pẹ̀lú ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tí ó kù. Àwọn ọmọ yóò pín ìdá méjì yòókù.

Fún Mùsùlùmí, ìpín wà nínú Àlùkùránì, Súrà kẹrin, ẹsẹ kọkànlá àti ìkejìlá. Bí olóògbé bá bímọ, ìdá kan nínú mẹ́jọ ni ti àwọn aya rẹ̀ lápapọ̀. Bí kò bá bímọ, ìdá kan nínú mẹ́rin. Ìpín ọmọkùnrin kan jẹ́ ti ọmọbìnrin méjì.

Ẹ jẹ́ kí a fi ₦2,400,000 wa àtẹ̀yìnwá wò ó. Lábẹ́ àṣà ìbílẹ̀, opó kò gba kọ́bọ̀ nínú rẹ̀. Lábẹ́ òfin ẹ̀sìn Ìsìláàmù, àwọn opó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò gba ₦300,000, tí í ṣe ₦100,000 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Lábẹ́ òfin 1959, tí kò fi àyè gba ju aya kan lọ, opó yóò gba ₦800,000. Owó kan náà ni, ikú kan náà ni. Irú ìgbéyàwó àti ẹ̀sìn ni ó mú ìyàtọ̀ wá.

Fún àwa Ìgbómìnà, ààlà ìpínlẹ̀ tún fi kún ọ̀rọ̀ náà. Ìgbómìnà Ìlá, Òkè-Ìlá àti Ọ̀rà wà ní Ọ̀ṣun. Ti Òmù-Àrán, Àjàṣẹ́-Ìpo àti Ṣàárẹ́ wà ní Kwara, tí ó jẹ́ ara Ìjọba Àríwá títí di 1967. Ní Kwara, Kóòtù Ẹ̀kọ́-Òfin Ṣàríà tí ìjọba dá sílẹ̀ wà ní Ìlọrin láti gbọ́ ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lórí ogún Mùsùlùmí. Irú kóòtù bẹ́ẹ̀ kò sí ní Ọ̀ṣun. Bí ẹbí Mùsùlùmí kan ní Ìlá bá fẹ́ fi Àlùkùránì pín ogún, àdéhùn láàárín ara wọn àti ìtọ́sọ́nà àwọn àfáà ni wọ́n ń gbára lé. Òfin 1959 ti Ìwọ̀-Oòrùn ni a kò sì ṣe fún Àríwá. Nítorí náà, ọmọ ìyá méjì tí ọ̀kan kọ́lé sí Ìlá tí èkejì kọ́lé sí Òmù-Àrán lè kú sínú òfin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ohun kan ṣì kù tí ó ń ṣi àwa olùkọ́ pàápàá lọ́nà. Nínú fọ́ọ̀mù iṣẹ́ àti ti báǹkì, a máa ń kọ orúkọ ìbátan tí ó sún mọ́ wa jù. Púpọ̀ nínú wa rò pé ẹni tí a kọ orúkọ rẹ̀ ni yóò jogún wa. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí wọn yóò kọ́kọ́ ránṣẹ́ pè ni. Kí báǹkì tó lè fi owó olóògbé sílẹ̀, àwọn ẹbí ní láti gba ìwé àṣẹ ìṣàkóso ohun-ìní rẹ̀ lọ́dọ̀ ilé-ẹjọ́ gíga, ẹni tí ó bá sì gba ìwé náà ń ṣọ́ ẹrù fún àwọn tí ó ni ín ni. Kì í ṣe tirẹ̀.

8. Ohun tí olùkọ́ àti olùdánwò lè ṣe

A dá àwọn àbá wọ̀nyí:

(a) Kí a má ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́ ní máàkì mọ́ fún gbólóhùn 'ọmọbìnrin kì í jogún', kí a sì yọ ọ́ kúrò nínú gbogbo àkọsílẹ̀ tí a ń fún wọn.

(b) Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ 'aya kì í jogún ọkọ', kí a retí pé kí ó fi kún un pé lábẹ́ àṣà ìbílẹ̀ ni, àti pé ọkọ náà kì í jogún aya. Ẹni tí ó bá mẹ́nu ba ẹ̀tọ́ opó láti gbé inú ilé tọ́ sí máàkì kíkún.

(d) Lórí ìdí-igi àti orí-ò-jorí, kí ìbéèrè má ṣe dúró lórí 'dárúkọ'. Kí a fún akẹ́kọ̀ọ́ ní iye aya, iye ọmọ àti iye owó, kí ó pín in ní ọ̀nà méjèèjì, kí ó sì sọ ẹni tí ó ní àṣẹ láti yan orí-ò-jorí.

(e) Kí a jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé àṣà nìkan kọ́ ni ó ń darí ogún lónìí. Kò di dandan kí olùkọ́ Yorùbá di lọ́yà, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ó kọ́ ọmọ ní ohun tí yóò mú kí ọmọ náà gbé ẹ̀tọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

9. Àgbálọgbábọ̀

Bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Òwe náà kò sọ pé ọmọkùnrin. Nínú iṣẹ́ yìí, a ti gbìyànjú láti fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ni àṣà ogún Yorùbá dúró lé, pé ìyá ni ó fi ń ka ìdí, pé olórí ẹbí ni ó fi ṣe alátùn-únṣe, àti pé opó ni ó kù sí ẹ̀yìn nínú rẹ̀. A ti fi hàn pẹ̀lú pé òfin ìjọba àti ti ẹ̀sìn ń bá àṣà rìn lábẹ́ òrùlé kan náà ní Ìlá-Ọ̀ràngún.

Ní ti akẹ́kọ̀ọ́-bìnrin wa, a lọ bá olórí ẹbí rẹ̀. A kò bá wọn jà. A bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n tún ìpàdé pè. Wọ́n gbọ́ wa, wọ́n sì fún ọmọ náà ní ìpín tirẹ̀ nínú oko kòkó náà. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà ibẹ̀ sọ fún wa pé àwọn mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ọmọbìnrin ń jogún. Kò sí ẹni tí ó béèrè ni. Máàkì tí a fún un nígbà náà ti wọ inú ìwé, a kò lè gbà á padà mọ́. Àkọsílẹ̀ ojú pátákó ni a lè tún kọ, a sì ti tún un kọ.